Ojú Ọ̀nà láti Ìsánlú dé Lọ́kọ́jà: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Amọ̀nà nínú Ìrìn Àjò Ìgbafẹ́

1. Ìfáárà

Ìrìn àjò kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn Yorùbá. Alájàpá ń ná ọjà òkèèrè, ọdẹ ń sun ìgbẹ́, babaláwo ń wá ìmọ̀ kiri, ọmọ àlè àti ọmọ ọkọ ń bẹ ẹbí wò lẹ́yìn odi. Gbogbo ìrìn wọ̀nyí ni ó ní iṣẹ́ tí ó gbé ènìyàn dìde nílé. Ìrìn àjò ìgbafẹ́ yàtọ̀ sí wọn. Ẹni tí ó ń lọ kò ní ọjà tí yóò tà, kò sì ní ẹbí tí yóò kí. Kí ojú rẹ̀ lè rí, kí etí rẹ̀ sì lè gbọ́, ni ó ṣe jáde. Yorùbá kò kóríra irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí yóò tọ́ka sí ọ̀kẹ́rẹ́ náà fún àlejò, tí yóò sì ṣàlàyé bí ó ti ṣe di abuké. Amọ̀nà ni ẹni náà.

Iṣẹ́ amọ̀nà yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó lò fún àpẹẹrẹ: èyí tí ó ti Ìsánlú la àárín ilẹ̀ Òkun kọjá dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìhà tí àlejò bá gbà dé etí odò ni ó ń pinnu ìtàn tí odò náà yóò sọ fún un. Bí ó bá gba ojú omi dé, ìtàn àwọn Òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ó bá gba ilẹ̀ Òkun dé, ìtàn mìíràn ni yóò ti gbọ́ bọ̀, bí amọ̀nà rẹ̀ bá mọ iṣẹ́.

2. Ilẹ̀ náà àti àwọn tí ó ni ín

Ìsánlú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Àgbànà ni oyè ọba ibẹ̀. Láti 1967 ni ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, títí di ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Kí ó tó di 1967, Ẹkùn Kàbà ní apá Àríwá ni wọ́n kà á mọ́.

Òkun, orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi ń pe àwọn ará ibẹ̀ lónìí, kì í ṣe orúkọ baba ńlá kankan. Ìkíni ni. Bí Yàgbà bá pàdé ará Ìjùmú, bí ará Owé tí í ṣe ọmọ Kàbà bá pàdé ará Bùnú tàbí Òwórò, òkun ni wọn yóò fi kí ara wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba wọn yàtọ̀, tí ohùn wọn náà sì yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Nínú àwọn márààrún, Òwórò ni ó súnmọ́ ìpàdé odò jù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbéra ní Ìsánlú lè máa gbọ́ èdè Yorùbá lójú ọ̀nà títí yóò fi rí omi. Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò, tí ó fi mọ́ àwọn Yorùbá mìíràn, ni ó rò pé Yorùbá ti tán kí ènìyàn tó dé Lọ́kọ́jà.

3. Ojú ọ̀nà náà ṣáájú ayé ìgbafẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó máa gba ọ̀nà yìí fún ìgbádùn, àwọn mìíràn ti gbà á pẹ̀lú ẹkún. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Nupe, tí Yorùbá ń pè ní Tápà, kó ilẹ̀ Òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Bídà di ibi tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ sí, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kó lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú fi ilẹ̀ títẹ́jú sílẹ̀, wọ́n gun orí àpáta lọ láti sá fún ogun. Àwọn àpáta ńlá tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí jẹ́ odi ààbò ní ìgbà náà.

Àwọn Òyìnbó náà rin ilẹ̀ yìí. Richard Lander àti John, àbúrò rẹ̀, wa ọkọ̀ kọjá níbi ìpàdé odò ní 1830. Ní oṣù kẹwàá, 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Dókítà William Balfour Baikie kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sí fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé odò nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1858, Daniel J. May, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ìrìn àjò náà lọ, fi ẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí ilẹ̀ Tápà, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1860. Irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kò lè dá rìn. Àṣà ìgbà náà ni pé kí ọba fún àlejò ní ìránṣẹ́ tí yóò sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọba kejì. Ìránṣẹ́ yìí ni baba ńlá amọ̀nà òde òní. Òun ni ẹ̀rí pé àlejò kì í ṣe ọ̀tá. Òun náà ni ó ń sọ orúkọ ìlú, òkè àti odò tí àlejò ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Àṣìsọ tirẹ̀ ni ó ń di àṣìkọ ti àlejò.

Ní oṣù kìn-ín-ní, 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́jà, wọ́n gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Kàbà láti bá àwọn Tápà tí ó pàgọ́ síbẹ̀ jà. Àwọn Tápà ti kúrò kí wọ́n tó dé. Kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú. Ìhà odò ni ogun tí ó lé àwọn Tápà ti wá, ṣùgbọ́n ìhà odò kan náà ni ìjọba àjèjì mìíràn gbà wọlé.

4. Láti Ìsánlú dé Kàbà

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìsánlú, àpáta àti pápá ni ó kọ́kọ́ ń gba ojú. Lẹ́yìn Mọ̀pà ni Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ni Kàbà. Oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti igi kaṣú ni ó pọ̀ lẹ́bàá títì. Amọ̀nà tí kò bá mọ ju orúkọ ìlú lọ kò ní ohun púpọ̀ láti sọ níhìn-ín, oorun ni yóò sì kun àwọn àlejò rẹ̀ títí wọn yóò fi dé Lọ́kọ́jà. Àlébù ńlá ni èyí, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni ibi tí wọ́n fi ń sùn.

Ó yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú títì lọ sí Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ibẹ̀ ni ìlú Olóyè Nike Okundaye, aláró àti ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ síbẹ̀. Níbẹ̀, àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń re aṣọ nínú aró. Lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí amọ̀nà sọ̀rọ̀ aṣọ Bùnú. Àwọn Bùnú ní aṣọ pupa kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, èyí tí ó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Elisha Renne tẹ ìwé odidi kan jáde ní 1995 lórí ipò aṣọ nínú ìgbésí ayé àwọn Bùnú. Bí àlejò bá mọ̀ pé aṣọ kan wà tí owó nìkan kò tó láti fi rà á wọ̀, ojú tí yóò fi wo àwọn tí ó ń bá pàdé lójú ọ̀nà yóò yí padà. Kì í ṣe àgbẹ̀ etí títì lásán ni yóò rí mọ́, bí kò ṣe àwọn tí ó ní ètò, oyè àti ìtàn.

Kàbà ni ìjókòó Ọbárò. Ibẹ̀ ni ó dára kí ìrìn ọjọ́ kìn-ín-ní parí sí, kí àwọn àlejò sì jẹ iyán, kí wọ́n sinmi.

5. Láti Kàbà dé etí odò

Lọ́nà Lọ́kọ́jà, ọkọ̀ akẹ́rù símẹ́ǹtì ni ó gba títì, nítorí Ọ̀bájànà wà lójú ọ̀nà yìí, níbi tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Kò yẹ kí amọ̀nà fi èyí pamọ́ nítorí pé kò lẹ́wà. Òkúta tí ó gba àwọn baba là lọ́wọ́ ogun ni ilẹ̀ yìí tún ń tà lónìí.

Ní Lọ́kọ́jà, odò náà fara hàn. Láti orí Òkè Patti ni ènìyàn ti lè rí i bí omi méjèèjì ṣe pàdé, tí àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra kí wọ́n tó dàpọ̀. Pati fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí òkè ní èdè Tápà, bí ẹni tí ó wí pé Òkè Òkè. Nísàlẹ̀, ọjà ẹja kún fún Tápà, Ẹ̀bìrà, Ígálà, Haúsá àti Òwórò. Àwọn ibojì àwọn ọba tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ lóyè wà nílùú náà. Aliyu, Ẹ́míà Kánò, wà lára wọn: ní 1903 ni wọ́n yọ ọ́, ìgbèkùn Lọ́kọ́jà ni ó sì kú sí ní 1926.

Samuel Àjàyí Crowther náà dé ìpàdé odò yìí ní 1841. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó o ní Òṣogùn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ó gba ojú omi padà wá sí ìhà ibi tí wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ lọ. Àlejò tí ó ti gbọ́ ìtàn àwọn Òkun tí wọ́n kó lọ sí Bídà yóò mọ ìwọ̀n ìtàn yìí láìjẹ́ pé amọ̀nà pariwo.

6. Ọ̀rọ̀ ẹnu amọ̀nà

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lórí Òkè Patti ni pé ibẹ̀ ni Flora Shaw dúró sí, tí ó wo odò Ọya, tí ó sì fún Nàìjíríà lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò bá a mu. Ọjọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, 1897 ni orúkọ náà jáde láti ọwọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Times. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń ṣiṣẹ́ olóòtú fún ìwé ìròyìn náà nígbà yẹn. Ní 1902 ni ó fẹ́ Lugard, lẹ́yìn ìgbéyàwó yìí ni ó sì tó wá sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Kò lè jẹ́ orí òkè yìí ni ó ti rí orúkọ tí ó ti kọ ní ọdún márùn-ún ṣáájú.

Kí ni ó wá burú nínú ìtàn dídùn? Ohun tí ó burú ni pé ó gba ipò ìtàn mìíràn. Oṣù kan náà tí orúkọ yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ ogun rìn láti ẹsẹ̀ òkè yìí lọ sí Kàbà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ní tòótọ́, ó sì kan àwọn tí ó ni ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò gun òkè ni wọ́n ń ròyìn, àwọn tí ó gun àpáta nítorí ẹ̀mí wọn kò rí ẹni dárúkọ wọn. Amọ̀nà rere kò ní láti pa ìtàn Flora Shaw tì. Ohun tí ó yẹ ni kí ó sọ ọ́ bí ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ, kí ó sì fi ọdún tì í. Bákan náà ni ó yẹ kí ó ṣe pẹ̀lú orúkọ Lọ́kọ́jà, nítorí ó ju ẹ̀yà kan lọ tí ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún orúkọ náà.

7. Àkókò àti ààbò

Oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni títì máa ń gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo ojú odò mọ́ ẹni tí ó wà lórí òkè. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù. Ní 2012 àti 2022, àkúnya omi wọ Lọ́kọ́jà, ó bo ilé àti títì. Yàtọ̀ sí èyí, ìjínigbé ti ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Òkun ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Nítorí náà, kò yẹ kí amọ̀nà rin òru, kò sì yẹ kí ó gbéra láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí ó wà níwájú. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìránṣẹ́ ọba ayé àtijọ́ kò ṣe ju èyí lọ: ó ń béèrè kí ó tó kọjá.

8. Àgbálọgbábọ̀

Láti inú àlàyé òkè yìí, ó hàn gbangba pé amọ̀nà kì í ṣe ẹni tí ó mọ títì nìkan. Awakọ̀ mọ títì. Amọ̀nà ní láti mọ ènìyàn, kí ó mọ ọdún, kí ó sì mọ ààlà láàárín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń wí. Irú ìmọ̀ báyìí kò sí lára pátákó ojú ọ̀nà. Ó wà lẹ́nu àwọn àgbà Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Òwórò, àwọn àgbà sì ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ìtàn ìlú kan sílẹ̀ lónìí, pẹ̀lú orúkọ àpáta àti orúkọ odò rẹ̀, ti pèsè ọ̀rọ̀ sí ẹnu amọ̀nà ọ̀la.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ti Ìsánlú gbéra pẹ̀lú ìtàn ilẹ̀ náà lọ́wọ́ kò ní dúró létí Ọya bí ẹni tí ó wá wo ibi tí àwọn Òyìnbó gúnlẹ̀ sí. Yóò mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní orí àwọn àpáta tí ó kọjá lánàá.