Ẹ́sì Wo Ni Ká Rà? Ọ̀rọ̀ Ooru Àti Owó Iná Ní Wuse

Bó bá ti di oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, tí ooru Àbújá mú débi pé ògiri ń gbóná mọ́jú, ẹjọ́ kan wà tí kì í wọ́n níwájú àwa àgbà ọmọ Yorùbá ní Wuse. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ti tọkọtaya. Ẹjọ́ mítà ni. Ayálégbé mẹ́ta ń lo mítà kan, ọ̀kan ra ẹ́sì, àwọn méjì yòókù ní àwọn ò ní í bá a san owó òtútù tí kò kan àwọn. A ti rí ìyá méjì tí wọ́n jọ ń rìn wá sípàdé tẹ́lẹ̀, tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí owó iná ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí à ń gbé ní Wuse, ìjọba ló kọ́ wọn fáwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń múra àtikó olú-ìlú kúrò l'Ékòó, èyí tó wáyé lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ìjọba lọ́dún 2005, àwọn kan nínú wa rà á tòun ti ihò ẹ́sì lára ògiri, ẹ́sì ojú fèrèsé tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta sì wà nínú ihò náà. Àwọn ẹ́sì wọ̀nyẹn ti gbó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi wá léèrè pé, kí ni ká fi rọ́pò wọn?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ lórí fóònù pé ká kúkú ṣe èyí tó ń gba inú àjà kiri gbogbo ilé, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo á máa mú ilé gbóná nígbà òtútù, á tún máa mú un tutù nígbà ooru. Ó dáa lọ́dọ̀ tiwọn, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ní London pàápàá, ẹ̀rọ amúlégbóná ni wọ́n ní, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ẹ́sì rárá. Níhìn-ín, ọyẹ́ oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní kò ju ohun tí bùláńkẹ́ẹ̀tì àti omi gbígbóná lè bá jà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àjà yìí á máa mú pálọ̀ àti kíṣìnnì tí kò séèyàn níbẹ̀ tutù nígbà tó jẹ́ yàrá kan lẹ sùn sí. Eruku ọyẹ́ á máa kó sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó bá sì dákú, gbogbo ilé ló dákú. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ilé ìtura ńlá. Split tó ń dá yàrá kọ̀ọ̀kan ni tiwa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ẹ́sì àtijọ́ họ́ọ̀sì kan àbọ̀ ń jẹ tó 1,200 wáàtì. Bí kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀ kò bá sinmi fún wákàtí 8, yúníìtì iná 9.6 ló jẹ yẹn. Kó tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Band A ń san nǹkan bí 68 náírà lórí yúníìtì kan. Lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, àjọ NERC gbé e lọ sí 225 náírà. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó sì fi di oṣù Keje ọdún kan náà, ó wà ní nǹkan bí 209 náírà àbọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìyẹn ju 2,000 náírà lọ. Lóṣù kan, ó ju 60,000 lọ. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, 70,000 náírà ni. Yàrá kan là ń wí o!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi orúkọ mú ni ti "inverter" táwọn ọlọ́jà ń polówó. Ìyá kan nínú wa rò pé èyí tó ń lo bátìrì ni, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inverter tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì nínú pálọ̀ yàtọ̀. Ẹ́sì inverter ni èyí tí kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dín eré kù: bí yàrá bá ti tutù, kò ní í kú kó tún jí, á máa rọra ṣiṣẹ́ lọ ni. Ẹ́sì àtijọ́ dà bí awakọ̀ tó ń sáré tete, tó tún ń tẹ bíréèkì lójijì. Epo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ẹ́ tán. Ẹni tó ń tan inverter mọ́jú lè rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó iná rẹ̀ fi pa mọ́, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í já iná gbà lójijì bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún jẹnẹrétọ̀ àti sólà láti gbé. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ sì kórìíra iná tó ń lọ sókè sódò. Ẹni tí kò bá tíì lówó sitabiláísà, kó ní sùúrù ná. Ẹni tó sì jẹ́ pé wákàtí kan péré ló ń tan ẹ́sì lálẹ́, kó ra èyí tí kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló ń dùn wá jù. Oníṣẹ́ á dé, á fọwọ́ kan páìpù, á ní, "Dádì, gáàsì ló tán o." Ẹ sanwó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ti tán. Ẹ gbọ́ o, gáàsì ẹ́sì kì í ṣe epo mọ́tò, kì í jó tán. Ńṣe ló ń yí po nínú páìpù. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan. Ẹ ní kó wá ibi tó ń jò kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. R22 tó wà nínú àwọn ẹ́sì àtijọ́ wà lára àwọn gáàsì tó ń ba ààbò tó wà lójú sánmà lórí wa jẹ́. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1987 tí wọ́n sì ń tún ṣe, ọdún 2030 ni àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì tán. Nítorí náà, ẹ má fi owó ńlá tún ẹ́sì R22 ṣe mọ́, ẹ má sì ra àlòkù rẹ̀. R410A tàbí R32 ló wà nínú àwọn tuntun, a kì í sì í da ọ̀kan lu èkejì. R32 lè gbiná, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó fọwọ́ kàn án.

Họ́ọ̀sì kan tó fún yàrá kékeré, kan àbọ̀ fún yàrá ńlá. Bí yàrá yín bá wà lábẹ́ páànù, tí oòrùn ọ̀sán ń kọjú sí i, ẹ lọ sókè díẹ̀. Ẹ má torí ìgbéraga ra họ́ọ̀sì méjì sínú yàrá ọmọ ọwọ́. Á mú un tutù kíá, á kú, ọ̀rinrin á sì kù sínú yàrá lásìkò òjò. Ihò ẹ́sì àtijọ́, búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe páálí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìgbà ooru yìí náà ni yírunyírun máa ń jà lókè Ọya. Lọ́dún 2017, ó pa ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ ní Nàìjíríà, pàápàá ní Zamfara àti Sokoto. Nítorí náà, kí ẹni mẹ́fà má há mọ́ yàrá kan tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ́sì.

Ní ti ẹjọ́ mítà, ohun tí a ń sọ fáwọn èèyàn wa nìyí: ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́sì wọlé, kó kọ́kọ́ sọ fáwọn ará ilé, kó fi mítà kékeré sí ojú wáyà tirẹ̀, kí onílé àti aládùúgbò jọ wo nọ́ńbà rẹ̀ kí wọ́n tó tan án. Kó sì pe wẹ́ńdà kó ṣe àgò irin bo èyí tó wà níta, nítorí àwọn tó ń jí kọ́pà lóru kì í bèèrè ẹni tó sanwó rẹ̀.