Píà Gbígbìn fún Títà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní igi píà kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé. Èso rẹ̀ a máa já bọ́ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọdé a ṣà á, èyí tí ó kù a sì jẹrà sí ilẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fi ka igi yìí sí ohun tí ó lè mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbi tí a ti ń gbìn ín láti ayébáyé, àti ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń fi oko píà bọ́ ilé wọn, wọ́n sì ń kó èso rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ya oko tí ó ní èrè sọ́tọ̀ kúrò lára igi ẹ̀yìn ilé.

Èkíní ni ilẹ̀. Igi píà fẹ́ràn òjò, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi tí ó dúró sí ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Bí omi bá bò ó, àrùn inú ilẹ̀ tútù a mú un, a sì jẹrà. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí gbin igi 12 sí ẹ̀bá odò, nítorí mo rò pé ọ̀rinrin ilẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún kẹta, kò ku ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ yan ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ da omi kún un. Bí omi náà kò bá fà tán títí di ọjọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn.

Èkejì ni ọmọ igi. Ẹni tí ó gbin kóró píà kò mọ irú èso tí yóò ká, nítorí nínú igi yìí ọmọ kì í sábà jọ ìyá. Ó lè dúró fún ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá rí èso kékeré tí kóró gba inú rẹ̀ tán. Igi tí a lọ́ ni kí a gbìn: èyíinì ni pé a gé ẹ̀ka láti ara igi tí èso rẹ̀ dára, a sì so ó mọ́ ọmọ igi tí ó hù láti inú kóró, títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Irú igi bẹ́ẹ̀ a máa so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, èso rẹ̀ a sì rí gẹ́gẹ́ bí ti igi tí a gé e lára. Báyìí ni píà tí a ń pè ní Hass, tí ó lókìkí jùlọ ní ọjà ayé, ṣe tàn kálẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo ní oko Rudolph Hass ní Kalifọ́níà, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1935.

Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 25 sí àárín igi kan àti èkejì. Éékà kan yóò gba bí igi 70. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kí ó má kan ara igi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo àwọn ọmọ igi, kí ẹ sì máa bomi rin wọ́n. Ní ọdún méjì èkíní, àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tí a gbìn sí àárín wọn yóò ràn yín lọ́wọ́ láti san owó iṣẹ́.

Òdòdó píà ní ìwà tí ó ya ni lẹ́nu. Òdòdó kọ̀ọ̀kan a là lẹ́ẹ̀mejì: ní ìgbà èkíní bí abo, ní ìgbà kejì bí akọ. Irú igi kan a máa ṣe abo ní òwúrọ̀, irú kejì ní ọ̀sán. Igi kan lè dá so, ṣùgbọ́n bí a bá gbin irú méjèèjì pọ̀, èso a máa pọ̀ sí i. Oyin wà lára àwọn tí ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ má ṣe fi iná sun wọ́n.

Ìkẹta ni kíká. Píà kì í rọ̀ lórí igi. Lẹ́yìn tí a bá ká a ni í rọ̀. Èyí jẹ́ àǹfààní ńlá, nítorí a lè gbé e lọ sí ọjà jíjìn nígbà tí ó ṣì le. Ṣùgbọ́n èyí tí a ká kí ó tó gbó a máa hunjọ, kì í sì í dùn. Ẹni tí ó rà á kì yóò padà wá. Ẹ ká ọ̀kan, kí ẹ là á: bí awọ kóró bá ti fẹ́lẹ́ bí bébà, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, ó ti gbó. Bí ó bá ṣì funfun tí ó sì nípọn, ẹ dúró. Ẹ má ṣe gbọn igi, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ lókò. Ọ̀pá gígùn tí a so àpò mọ́ lẹ́nu ni kí ẹ fi ká a. Ibi tí píà bá ti fara gbá ni yóò ti dúdú nínú, olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi dé ọjà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ kan kù: ẹ má ṣe já ewé píà fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn jẹ, nítorí oró wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa wọ́n.

Ẹni tí ó bá gbin píà ní ọdún yìí, kí ó má ṣe retí owó ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yan ilẹ̀ dáradára, tí ó gbin igi tí a lọ́, tí ó sì fi sùúrù ká èso rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú yóò jẹ nínú èrè oko náà.