Òjò, Èéfín àti Èémí Ìyá Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Ẹ̀dọ̀fóró ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé ní Ẹ̀sìẹ́, kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́la. Ohun tí à ń béèrè ni ìgbà tí yóò dá. Inú àgbẹ̀ a máa dùn, inú àwa ọmọ ilé ìwé tí a wá lo ìsinmi náà a sì máa dùn sí àgbàdo tuntun. Ìyá àgbà mi nìkan ni inú wọn kì í dùn. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, wọn a jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọn a gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọn a sì máa mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé.

Ilé wa kò jìnnà sí ibi tí wọ́n kó àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ sí, èyí tí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú igbó ni òjò sì ti ń pa wọ́n kí a tó kọ́lé lé wọn lórí. Ìyá àgbà a máa fi wọ́n ṣe àwàdà pé: “Àwọn wọ̀nyẹn jókòó sínú òjò, wọn kò húkọ́. Èmi tí mo wà lábẹ́ páànù ni mò ń húkọ́.”

Gbogbo ilé ni ó mọ orúkọ àìsàn náà: òtútù ni. Nítorí náà, ohun tí a fi ń lé òtútù ni a fi ń tọ́jú wọn. À ń ti fèrèsé. À ń gbé ẹ̀yinná wọlé. À ń kó aṣọ lé wọn lórí. Bí a ti ń ṣe èyí tó ni èémí wọn ń kúrú sí i, ó sì gba ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé àwa gan-an ni a ń dí wọn lémìí. Èmi kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rí, tí mo bi àwọn tí ó mọ̀, tí mo sì kà, ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín, nítorí ilé tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà pọ̀ láti Òmù-Àrán títí dé Ìlá.

Iṣẹ́ irú ni ìyá àgbà mi ṣe títí ọjọ́ fi lọ lórí wọn. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ irú yóò rò pé ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni a fi ń se èso igbá náà kí ó tó rọ̀. A ó gún un, a ó fọ èèpo rẹ̀ dànù, a ó tún un sè, kí a tó bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè ta. Igi ni a fi ń dáná gbogbo rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìta gbangba ni ààrò wà. Bí òjò bá dé, a ó gbé ààrò wọ inú ilé ìdáná tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, igi tútù ni a ó sì máa fi dáná níbẹ̀. Ẹ ṣírò irú èéfín bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Nígbà tí ikọ́ náà kò lọ mọ́, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn kò rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn a gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Dókítà wo ìwé tí ó jáde, ó ní: “Mama, ẹ ti mu sìgá rí?” Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Dókítà dúró títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀, ó wá ní: “Ẹ ti mu ún o. Inú ilé ìdáná ni ẹ ti mu ún.”

COPD ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí alápatà ń pè ní fùkù bí ó bá jẹ́ ti màlúù. Ẹni tí ó bá ti ra fùkù rí mọ̀ pé ó fúyẹ́, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí kànìnkànìn. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú ihò wọ̀nyí. Bí èéfín bá ń wọ ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àwọn ọ̀pá náà yóò wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò kún inú wọn, ògiri tí ó wà láàárín àwọn ihò náà yóò sì máa fàya. Afẹ́fẹ́ yóò ráyè wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ráyè jáde bọ̀rọ̀. Ìtọ́jú wà fún un, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bàjẹ́ kì í padà sí bí ó ti wà. Ó yàtọ̀ sí ikọ́ fée, tí ó máa ń dé tí ó sì máa ń lọ, tí ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rinrin àti èéfín ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan ni: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé, láti ibi ìdáná, fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa léèrè, kí ni ti òjò nínú ọ̀rọ̀ yìí? Afẹ́fẹ́ a máa mu omi, ó sì ní ibi tí yóò mu ún dé tí yóò yó. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní bí ó bá yó pátápátá, ó di 100. Ní òwúrọ̀ oṣù kẹjọ ní agbègbè wa, ó máa ń ju 80 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yó báyìí, òógùn ara wa kì í ráyè gbẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ ni ó ń mú kí ara tutù. Ara yóò máa gbóná, mímí yóò sì yára. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní fura. Ṣùgbọ́n ẹni tí afẹ́fẹ́ ìṣáájú kò tíì jáde tán láyà rẹ̀, bí mímí rẹ̀ bá yára, ó di pé ó ń da gààrí tuntun lé ti àná nínú àpò tí ó ti kún. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná tí ó sì tún lọ́rinrin lè mú kí ọ̀pá èémí fún pọ̀ pẹ̀lú, pàápàá ti àwọn oníkọ́ fée.

Nítorí náà n kò sọ pé òjò kò jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà, àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa kó o wọ inú yàrá.

Ẹ wo yàrá ìyá àgbà bí ó ti wà nígbà náà. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, títì ni a sì ń tì í láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tútù wà lórí okùn láti igun dé igun nítorí kò sí oòrùn lóde, gbogbo omi tí ó ń gbẹ lára aṣọ náà sì ń lọ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ti hu nǹkan dúdú kan bí èyí tí ó ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. A rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ọ̀rinrin ni ó ń gbé e ró, ó sì ń tú irúgbìn tí ojú kò lè rí sínú afẹ́fẹ́. Inú fóòmù tí ó lọ́rinrin sì ni àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń jẹ awọ ara wa tí ó ń bọ́. Ìgbẹ́ wọn a máa gbé ikọ́ fée dìde.

Ẹ̀yinná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àwo. Nítorí pé kò rú èéfín púpọ̀, a rò pé kò léwu. Bẹ́ẹ̀, gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn ń jáde lára rẹ̀, èyí tí ó lè pa gbogbo ará ilé sójú oorun bí yàrá bá wà ní títì. Lẹ́yìn èyí ni oògùn ẹ̀fọn tí ó ká bí ejò, tí à ń tanná ràn ní alaalẹ́. Àwọn onímọ̀ kan yẹ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Malaysia wò, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, wọ́n rí i pé eruku wẹ́wẹ́ tí ó ń jáde lára ẹyọ kan tó ti sìgá 75 sí 137. Ìyá tí kò mu sìgá rí láyé! Ìfẹ́ ni a sì fi ń tan án fún wọn.

Nígbà tí a ti Ìlọrin dé, bírìkìlà lu fèrèsé kejì sí ògiri tí ó dojú kọ ti àkọ́kọ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibì kan wọlé kí ó sì gba ibòmíràn jáde. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gba ipò oògùn oníná. Aṣọ tútù di ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fi ọṣẹ àti omi fọ ògiri náà, ìyá àgbà kò sì sí nítòsí nígbà tí à ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n páànù tí ó ń jò ni a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí bí omi bá ṣì ń wọlé, àfọ̀túnfọ̀ ni. Bí oòrùn bá yọ, fóòmù a bọ́ síta. Ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bá bolẹ̀, fèrèsé a dúró ní títì títí di nǹkan bí aago 10, ìyá àgbà kì í sì í jáde lọ sí ibì kankan kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ irú ni ó le. Ìyá àgbà ní àwọn kò ní fi iṣẹ́ tí àwọn fi tọ́ bàbá mi sílẹ̀ nítorí ọmọdé kan tí ó wọ aṣọ funfun. A bẹ̀ wọ́n, àwọn àgbà ẹbí bẹ̀ wọ́n. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé àǹtí mi ni ó ń sè é báyìí, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, ìyá àgbà sì ń ṣà á, wọ́n ń pọ́n ọn, wọ́n sì ń tà á. Inú oṣù kìíní sí oṣù kejì, nígbà tí igi gbẹ, ni a ń la igi òjò, tí a ń tò ó sí ibi tí òjò kò lè dé, nítorí èéfín igi tútù kì í ṣe ẹgbẹ́ ti gbígbẹ. Gáàsì dára ju gbogbo èyí lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra gáàsì tí yóò fi se irú láti àárọ̀ di alẹ́?

Ohun méjì tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù kò ná wa ní kọ́bọ̀. Èkíní ni abẹ̀bẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti dán an wò pé bí a bá fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ojú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ imú, iṣan ibẹ̀ a máa mú kí ọpọlọ dín ìnira èémí kù. Èkejì ni mímí ẹlẹ́nu súúsùú: a ó fa afẹ́fẹ́ sí imú, a ó sú ẹnu jọ bí ẹni tí ó ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ kí eérú fò, a ó wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó pẹ́ ju fífà lọ. Èyí ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àná ráyè jáde. Ìyá àgbà kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti fẹ́ iná fún ogójì ọdún!

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọyẹ́ yóò gbà wá. Eruku rẹ̀ a máa họ ọ̀fun, òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ a sì máa fún ọ̀pá èémí pọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjì òjò kan jà ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, ó gbé àtíkè ìtànná koríko sókè, ọ̀rinrin sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn, ènìyàn 10 sì kú. Koríko wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n bí ìjì bá ń jà, inú ilé ni kí alárùn èémí wà.

Ó ku oògùn. Salbutamol, èyí tí à ń fà sí ẹnu láti inú inhaler, ti wà lọ́jà láti ọdún 1969. Ọ̀pọ̀ ará wa ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù lásán ni. Àìsàn ni kò lọ, oògùn kọ́ ni ó de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìṣòro tòótọ́ ni owó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, owó inhaler sì gòkè débi tí àwọn ènìyàn fi ń ṣọ́ ọ lò bí iyọ̀ ìgbà ogun. Nítorí náà kò yẹ kí ìkankan ṣòfò. Ìyá àgbà kò lè tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fun ni ó ń pọ̀ sí. Ní ọdún 1999, àwọn dókítà kan ní Cape Town fi hàn pé ike omi onílítà ààbọ̀, tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀ tí inhaler sì wọ̀ ọ́ ṣinṣin, ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé oníkọ́ fée bí èyí tí à ń rà. Irú ike bẹ́ẹ̀ ni a fi ń fa ti ìyá àgbà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ oníyẹ̀fun kí ó má ṣe lo ike, kí ó sì máa dé e pa, nítorí ọ̀rinrin a máa mú yẹ̀fun náà dì.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba abẹ̀bẹ̀ mọ́. Bí aláìsàn kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú bí aró, bí ó bá ń ṣì ènìyàn mọ̀, tàbí bí inhaler kò bá ràn án, ilé-ìwòsàn ní kíá, ìbáà jẹ́ lóru. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ sí i tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí sí ewéko, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń wú, kí á má dúró di ọjọ́ ọjà.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án tí ó kọjá, aládùúgbò wa kan wá kí ìyá àgbà nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó rí fèrèsé méjèèjì ní ṣíṣí, ó ní háà, òtútù yóò pa ìyá yìí, ó sì dìde láti tì wọ́n. Ìyá àgbà fi abẹ̀bẹ̀ na ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó, kí ó jẹ́ kí àwọn mí.