Ìdí Tí Òjé Fi Wà Lára Àwo Ẹlẹ́wà Ayé Àtijọ́

Tí ẹ bá rí àwo amọ̀ pupa tí wọ́n ń lò nílé ní Pennsylvania nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbà pé ó rẹwà. Amọ̀kòkò á rọ amọ̀ funfun tó ṣàn sínú ife kékeré, á jẹ́ kó máa gba inú ìyẹ́ ẹyẹ jáde, á sì fi fa ìlà àti òdòdó sára àwo. Lẹ́yìn náà, á fi nǹkan tó ń dán bò ó. Nǹkan tó ń dán yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí òjé wà nínú ẹ̀.

Kí lòjé ń ṣe níbẹ̀? Iléru wọn kì í sábà gbóná ju nǹkan bí 1,000°C lọ. Amọ̀ pupa á jinná lóòótọ́, àmọ́ ihò tíntìntín á ṣì wà lára ẹ̀, omi á sì máa gbà á jáde. Dígí lè dí ihò yẹn, ṣùgbọ́n sílíkà tí wọ́n fi ń ṣe dígí kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 1,700°C. Tí wọ́n bá po òjé mọ́ ọn, wẹ́rẹ́ ló máa yọ́ nínú iléru kékeré yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nǹkan kíkan máa ń fa òjé jáde. Búrẹ́dì gbígbẹ ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ fínígà, ọtí ápù àti wàrà tó ti kan lè ṣe é. Ara wa máa ń ṣi òjé mú bíi kálísíọ́mù, ló bá ń kó o pamọ́ sínú egungun.

Egungun ló sì wá jẹ́rìí. Arthur Aufderheide àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọn òjé inú egungun àwọn tí wọ́n sin sí oko ńlá Clifts ní Virginia. Òjé inú egungun ìdílé olóko pọ̀ fíìfíì ju ti àwọn ẹrú lọ. Orí tábìlì olóko làwo dídán àti àwo onírin tó ní òjé sábà máa ń wà.

Kì í ṣe pé wọn ò fura rárá. Ní 1723, Massachusetts fòfin de òjé lára irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pọn ọtí rọ́ọ̀mù. Ìkòkò tí ò nílò òjé náà wà: William Rogers ń ṣe é ní Yorktown. Tí iléru bá gbóná tó nǹkan bí 1,200°C, wọ́n á da iyọ̀ sínú ẹ̀. Sódíọ́mù inú iyọ̀ á dà pọ̀ mọ́ sílíkà inú amọ̀, á sì di dígí. Àmọ́ ó ń jẹ igi púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo amọ̀ ló lè fara da ooru yẹn. Bí àwo pupa ṣe wà nílé tálákà àti olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Ojú lásán ò lè mọ àwo tó ní òjé o. Tí irú àwo àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ẹ má bu ọbẹ̀ tòmátì sí i.