Láti Yàrá Ẹ́ńjìnnì Dé Kasarawa: Bí Ọmọ Ogun Ojú Omi Ṣe Ń Di Ọ̀gá Oníṣẹ́ Ọwọ́

Joseph Wey, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà àti igbákejì Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ọdún 1940 ló wọ ilé-iṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1956, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ló wà. Ní 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí wọn.

Mo ń sọ ìyẹn nítorí àwọn tó rò pé ìbọn nìkan ni Néfì ń kọ́ èèyàn. Inú ọkọ̀ ogun ni jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi wà, ibẹ̀ ni wáyà, páìpù, ilé ìdáná àti yàrá tí wọ́n ń kó ẹran sí kó má bàa bàjẹ́ wà. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ láàárín òkun lóru, ta ni ẹ fẹ́ ránṣẹ́ pè? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ni yóò ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu sukurudiráfà kan ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, tí yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, tí yóò máa gbọ́ èyí tó ń dún dáadáa àti èyí tó ń ṣàìsàn. Kò sí ìwé tó lè kọ́ èèyàn ní ìyẹn. Etí ló ń kọ́ ọ, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn wẹ́dà Néfì náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Jámánì ni wọ́n ti kan NNS Aradu, ọkọ̀ ńlá tó wọ iṣẹ́ ní 1982. Ṣùgbọ́n ní 2012, ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn nílé, NNS Andoni, jáde láti ibùdó ìkànkọ̀ wọn ní Èkó. NNS Karaduwa, tí wọ́n fi orúkọ odò kan ní Katsina pè, tẹ̀ lé e ní 2016. NNS Oji sì dé ní 2021. Àwọn tó jó irin wọ̀nyẹn pọ̀ yóò fẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì padà sí àdúgbò bíi ti èmi àti ẹ̀yin.

Ọ̀rọ̀ ohun tí ológun yóò máa ṣe bó bá bọ́ aṣọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Igbóbì, l'Ékòó, lónìí, ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló jẹ́ ní 1945. Lóde òní, Òṣòdì ni ibùdó tí wọ́n ń pè ní NAFRC wà. Ibẹ̀ ni ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì ti ń kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà: ìjórin, iná mànàmáná, gbẹ́nàgbẹ́nà, aṣọ rírán, ẹja àti adìyẹ sísìn. Ibùdó náà dára. Àmọ́ ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì yóò jókòó kọ́ adìyẹ sísìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí gbogbo agbanisíṣẹ́ yóò gbà, ni ì bá kọ́kọ́ gbà.

Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí Kasarawa, ní Sokoto, tó jìnnà sí òkun ju kìlómítà 700 lọ. Bóyá “Soja” lásán ni wọn yóò máa pè é níbẹ̀. Ta ló fẹ́ máa ya ti orí ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti omi? Iṣẹ́ kò ní wọ́n ọn. Àwọn àgbẹ̀ etí odò Rima ń fi ẹ̀rọ kékeré fa omi sí oko àlùbọ́sà. Ilé ń lo jẹnẹrétọ̀, mọ́ṣáláṣí ní bọhóòlù. Lójú òkun, iyọ̀ ló ń jẹ irin. Ní Sokoto, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó tó ṣí àsẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó gbọn eruku rẹ̀ dànù, kó tún tan ẹ́ńjìnnì náà.

Ó sì yẹ kó jẹun nídìí rẹ̀. Láti 2011 tí wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, àjọ tiwọn ló ń san owó wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tó ti fẹ̀yìntì ti lọ fẹ̀hónú hàn ní Àbújá nítorí ẹ̀tọ́ tí wọn kò rí gbà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò ní gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ìlérí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ládùúgbò yín, ẹ mú ọmọ yín tó fẹ́ràn irin lọ bá a. Ẹ san owó ẹ̀kọ́ tó bá béèrè, ẹ má sì gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ kó tó gba fíríì.