Bí Ará Ilé Yóò Ṣe Rí Ohun Tí Ará Òde Ń Rí

Nígbà mìíràn, ará òkèèrè a máa ka ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ní lè rí i. Àdírẹ́sì ìta ni gbogbo ayé mọ̀. Firewall, tí í ṣe oníbodè, ni ó ń yí i padà sí ti kọ̀ǹpútà tí ó gbé ojú-ewé náà nínú ilé, bíi 192.168.1.10.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ní àdírẹ́sì ìta, oníbodè a darí ìbéèrè náà wọlé, ṣùgbọ́n èsì a lọ tààrà láìkan oníbodè. Kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ̀ ọ́, nítorí pé kò wá láti àdírẹ́sì tí ó kọ sí.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí oníbodè fi àdírẹ́sì tirẹ̀ rọ́pò ti akẹ́kọ̀ọ́. Èsì yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà, ojú-ewé yóò sì ṣí.