Ta Ni Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn Rẹ?

Lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó sílé, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó fi ìfẹ́ Rẹ̀ nípa ayé mi hàn mí. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sí orí òkè àdúrà, mo ń kọ àlá mi sínú ìwé. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi lọ̀ mí láàárín àkókò náà. Mo kọ méjèèjì, nítorí pé n kò tíì gbọ́ ohùn kankan.

Ìlàjẹ ní Bariga ni ilé wa wà, létí ọ̀sà, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó máa wo ọkọ̀ tí ń sáré lórí Afárá Third Mainland. Ẹja ni ìyá mi ń yan tà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èéfín bá gba àgbàlá, àwọn ọmọ ilé a kó ìwé ìṣirò wọn wá bá mi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó." Ṣe ni mo máa ń lé wọn padà, pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí ó ń múra ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wá lẹ́ẹ̀mẹta. Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí èsì jáde, ó fìdí rẹmi. Ìyá mi kò pariwo mọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń yí ẹja padà lórí iná, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni o rò pé ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ láti ọjọ́ yìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó lé mi padà sínú Bíbélì. Nínú ìwé kìn-ín-ní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí karùn-ún, níbi tí ó ti dárúkọ ìfẹ́ Ọlọ́run ní tààrà, kò mẹ́nu ba irú iṣẹ́ tàbí ìlú tí a ó gbé. Ayọ̀, àdúrà àti ọpẹ́ ni ó kà sílẹ̀. Dọ́káàsì náà, ní Jópà etí òkun, a kò kà á pé ó rí ìran kankan. Aṣọ ni ó ń rán fún àwọn opó, aṣọ náà ni wọ́n sì fi han Pétérù nígbà tí ó kú.

Àpẹẹrẹ wà nítòsí wa pẹ̀lú. Ní Akọka ni St. Finbarr's College wà, ilé ẹ̀kọ́ tí Fada Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Àlùfáà ni, síbẹ̀ ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù débi pé ó ṣe rẹfirí. Kò ka ayọ̀ orí pápá sí ọ̀tá ìsìn. Ìwé àti bọ́ọ̀lù ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ. Níbẹ̀ ni Stephen Keshi ti kàwé, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994, tí ó sì tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí wọ́n gbà á ní 2013.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dùn mọ́ wa ni ìfẹ́ Ọlọ́run. Ayọ̀ tí ó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún kò ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá. Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ ara mi wò kò ju mẹ́ta lọ: Ǹjẹ́ inú mi dùn sí i? Ǹjẹ́ ó ṣe ẹlòmíràn lóore? Ǹjẹ́ mo lè fi dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run láìtijú?

Mo lọ bẹ ọmọ náà. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsọdipúpọ̀, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìdáhùn kan fúnra rẹ̀, ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Irú ayọ̀ tí ó gba ọkàn mi kan lọ́jọ́ náà, n kò rí i ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo kọ̀wé béèrè iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún kejì, ọmọ náà yege.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń dúró de ohùn láti òkè, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹnu ọ̀nà yín.